Pípàgọ́ sí etí ọ̀gbun Verdon nígbà ooru: La Palud, Castellane, àbí etí adágún?

Ẹ jẹ́ ká ti orí èèkàn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ ń já àlejò kulẹ̀ ní Verdon. Èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilé ìtajà ń dì mọ́ àgọ́, èyí tó dà bí wáyà tí wọ́n tẹ̀ lórí, ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbà á. Òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀, oòrùn ti ń sá ojú ilẹ̀ láti oṣù kẹfà, táyà ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ti wá tí wọ́n ti lọ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi le gbagidi. Ẹ óò gbá èèkàn náà, á wọlé ní ìwọ̀n ìka méjì, á kan òkúta, á sì ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Èèkàn irin tó nípọn tó mílímítà 8, tó gùn tó sẹ̀ńtímítà 20 sí 25, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì mú òòlù tó wúwo dání. Mẹ́wàá tó àgọ́ ẹni méjì; àgọ́ ìdílé tó ní yàrá méjì lè gba ogún. Bí èèkàn bá kan òkúta, ẹ má bá a jà. Ẹ fà á yọ, ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ tún un gbá, kí orí rẹ̀ dà sẹ́yìn kúrò lára àgọ́. Ibi tí kò bá wọlé rárá, ẹ so okùn mọ́ òkúta tó tó orí ọmọdé, kí ẹ gbé òkúta tó tóbi jù ú lọ lé okùn náà níwájú rẹ̀. Okùn tí a bá so báyìí kì í yẹ̀.

Provence ni ọ̀gbun yìí wà, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Odò Verdon ló gé òkúta wọlé fún bíi kìlómítà 25, láàárín ìlú Castellane lókè odò àti adágún Sainte-Croix nísàlẹ̀, ó sì jìn tó mítà 700 níbi tó ti jìn jù. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gba inú rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀: ọdún 1905 ni Édouard-Alfred Martel, ará Faransé tó ń ṣèwádìí inú ihò àpáta, kó àwọn ènìyàn jọ, tí wọ́n sì ṣe é. Omi náà ní àwọ̀ ewé tó pọ̀ mọ́ ti ojú ọ̀run, àwòrán kì í sì í gbé àwọ̀ yẹn dáadáa.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Ní Ìbàdàn tàbí Porto-Novo, ooru àti ọ̀rinrin jọ ń rìn ni, ara á máa lẹ̀, ènìyàn á sì mọ̀ pé òun ń làágùn. Ní Verdon, òógùn ń gbẹ kó tó hàn lára. Ẹ ro ó bí ọyẹ́ tí kò ní eruku: ètè á là, ọ̀fun á gbẹ, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹni náà á sì rò pé ọ̀nà tó rìn ló fà á, bẹ́ẹ̀ omi ló kù díẹ̀ káàtó. Òrí tí a ń fi para nílé wúlò níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìpara olówó gọbọi lọ. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, òtútù á dé wọ̀ọ̀. Ní La Palud, tó ga tó nǹkan bíi mítà 950 sókè òkun, ẹni tó fi ṣòkòtò péńpé ṣeré lọ́sàn-án á wá aṣọ òtútù ní aago mẹ́wàá alẹ́, kódà nínú oṣù keje. Àpò ìsùn tí wọ́n kọ ìwọ̀n 10 °C sí, tàbí èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kí ẹ gbé. Aṣọ ìbora fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kò tó.

Ibi mẹ́ta ni ènìyàn lè fi ṣe ibùdó. La Palud-sur-Verdon la fara mọ́ jù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Abúlé kékeré ni, ní etí òkè gan-an, láàárín Castellane àti Moustiers. Àwọn ibùdó àgọ́ tó wà níbẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn àgbẹ̀, kò ní afẹ́ rárá: kò sí odò ìwẹ̀ alábẹ́ igi àgbọn, kò sí orin lálẹ́, kò sí ilé ìgbafẹ́ fún ọmọdé. Ohun tí ẹ ń sanwó fún ni ilẹ̀, igi, omi ẹ̀rọ, ilé ìwẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́. Àwọn tó ń gun òkúta kún ibẹ̀, nítorí ògiri òkúta Escalès kò jìnnà. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ẹ óò ti máa gbọ́ ṣíìpù àgọ́ wọn. Ìdí tí La Palud fi borí ni pé, bí aago méje bá ń lù ní òwúrọ̀, ẹ lè ti wà ní ẹnu ọ̀nà ẹsẹ̀, nígbà tí ẹni tó sùn ní Castellane ṣì wà lójú ọ̀nà D952 tó ń lọ́ bí ejò.

Castellane sàn fún ẹni tí kò ní mọ́tò àti fún ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké. Bọ́ọ̀sì díẹ̀ ń wá láti Nice, ilé epo wà, ilé ìtajà ńlá wà, ilé oògùn wà, ọjà sì ń ná ní ọjọ́rú àti ọjọ́ Sátidé. Àwọn ibùdó rẹ̀ pọ̀, láti èyí tó kéré dé èyí tó ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Àbùkù rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́: bíi kìlómítà 25 ló wà láàárín rẹ̀ àti La Palud, ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, nínú oṣù kẹjọ ọkọ̀ ńlá tí àwọn èèyàn ń sùn nínú rẹ̀ yóò sì wà níwájú yín títí. Ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú sí i, kí ẹ má fi kánjúkánjú ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti kọ. Àwọn àyè àgọ́ tó wà létí omi gan-an dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìrì máa ń sẹ̀ sórí àgọ́ níbẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ óò sì kó o ní tútù bí ẹ bá fẹ́ tètè kúrò.

Etí adágún Sainte-Croix ni ìkẹta. Èèyàn ló ṣe adágún yìí. Dáàmù tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 1974 ló sé omi náà, abúlé Les Salles àtijọ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ́ tuntun sókè. Bíi mítà 477 péré ni ojú omi náà fi ga, nítorí náà ẹ ka ooru ibẹ̀ sí ìwọ̀n mẹ́ta ju ti La Palud lọ ní wákàtí kan náà. Igi kò pọ̀ létí omi, afẹ́fẹ́ sì máa ń le ní ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, tó fẹ́ kí ọmọ ṣeré nínú omi títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibẹ̀ ni kó lọ, ṣùgbọ́n kó ra bàtà omi, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ ló wà létí rẹ̀, kì í ṣe iyanrìn.

Ṣáájú kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ mọ̀ pé pípàgọ́ síbi tó wù yín, lẹ́bàá ọ̀nà tàbí nísàlẹ̀ ọ̀gbun, òfin kò gbà á. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn fún àwọn tó bá sùn nínú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí. Iye tí ibùdó bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà jẹ́ gbogbo owó náà: wọ́n á fi owó orí àlejò kún un fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní òru kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san án, iná mànàmáná sì lè ní owó tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná yìí ti da oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Bí ibùdó bá sọ pé iná 6 ampere ni àwọn fún yín, ohun tí ẹ ní kò ju wáàtì 1,380 lọ. Ìkẹ́tùlù tí wọ́n ń lò ní Britain sábà máa ń tó wáàtì 3,000, ìyẹn bí ampere 13. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ báyìí, àpótí iná á já, àgọ́ tó bá yín pín àpótí náà á sì lè ṣókùnkùn pẹ̀lú yín. Ìkẹ́tùlù kékeré ti wáàtì 1,000 ni kí ẹ wá, kí ẹ má sì tan ohun ìdáná kankan mọ́ ọn. Ẹnu ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀ náà kò bá wáyà ilé yín mu. Ẹ ra wáyà gígùn tó tó mítà 20 tó ní orí aláwọ̀ búlúù onírin mẹ́ta tí àwọn onípàgọ́ Yúróòpù ń lò, kí ẹ sì fi ẹ̀yà kékeré tó bá ihò Faransé mu kún un. Bí ẹ bá ń lo wáyà tó ká mọ́ àgbá, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wáyà tó bá wà ní kíká nínú oòrùn, tó sì ń gbé iná, máa ń gbóná títí ara rẹ̀ á fi yọ́.

Ibi tí ẹ óò fi àgọ́ sí lábẹ́ igi gba ìrònú. Nílé, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní àárín orí. Níbẹ̀, apá gúúsù ló ń gbà kọjá, nítorí náà òjìji ọ̀sán gangan ń ṣubú sí àríwá igi. Ẹni tó ń jí lọ rìn, tó sì ń padà ní aago mẹ́ta, òjìji ìrọ̀lẹ́ ló nílò, kó pàgọ́ sí ìlà-oòrùn igi. Ìdílé tó fẹ́ sùn di aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, kí oòrùn òwúrọ̀ má bàa sọ àgọ́ di ààrò. Igi páìnì máa ń kán oje sílẹ̀. Oje náà ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àgọ́, ọṣẹ kò sì ń yọ ọ́, ọtí líle tí wọ́n fi ń nu ojú egbò ló ń yọ ọ́. Ẹ jìnnà díẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀ka tó nípọn.

Ilé ìwẹ̀ ní àwọn ibùdó kéékèèké kò burú, ṣùgbọ́n omi gbígbóná kì í tó gbogbo èèyàn láàárín aago méje sí mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́. Ẹ lọ wẹ̀ ní aago márùn-ún. Bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀ kí omi tó yọ, á sì dá dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ mú pépà ìnùdí yín dání; ọ̀pọ̀ ibùdó Faransé kì í fi sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ibùdó bá ní odò ìwẹ̀, ṣòkòtò péńpé gbàgẹ̀rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ fún ọkùnrin, pátá ìwẹ̀ tó fún mọ́ra ni wọ́n ń fẹ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ariwo gbọ́dọ̀ dákẹ́, wọn kì í sì í fi èyí ṣeré. Búrẹ́dì òwúrọ̀, ẹ ti sọ fún olùgbàlejò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì àwọn olùgbàlejò yàtọ̀ síra. Ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó bá Faransé dàgbà á rí gbogbo rẹ̀ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá á fi ọwọ́ ṣàpèjúwe díẹ̀.

Ní ti iná ìdáná, ẹ fara balẹ̀ kà á. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, igbó Provence máa ń gbẹ débi pé sìgá kan ṣoṣo lè jó òkè kan tán. Òfin kọ̀ láti dáná síta nínú igbó tàbí láàárín mítà 200 sí igbó, Verdon sì jẹ́ igbó yíká. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí èédú lórí àyè àgọ́ yín, kò sí igi ìdáná, kò sí ẹran sísun lójú àgọ́. Ibùdó míràn kọ́ ibi ìsunran kan tí gbogbo èèyàn jọ ń lò, ẹ béèrè bóyá ó ṣí, nítorí wọ́n ń tì í ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le. Sítóòfù gáàsì ni wọ́n sábà ń gbà láàyè, lórí ilẹ̀ tí kò ní koríko, pẹ̀lú korobá omi nítòsí.

Agolo gáàsì náà sì ní ìṣòro tirẹ̀. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí wọ́n ń yí mọ́ra bí ìdérí ìgò, tó wọ́pọ̀ ní Britain àti Amẹ́ríkà, àti èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n sì ń yí díẹ̀ kó fi há, ti Campingaz, tó kún àwọn ilé ìtajà ní ìlú kéékèèké ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan kò wọ èkejì. Ẹni tó bá gbé sítóòfù oníyíyí dé Castellane ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé lè rí agolo mẹ́wàá lórí pẹpẹ kí ọ̀kankan má bá a mu. Ẹ ra oníyíyí ní ilé ìtajà eré ìdárayá ńlá ní Nice tàbí Marseille kí ẹ tó gòkè, àbí kí ẹ ra irin kékeré tó ń so méjèèjì pọ̀. Nínú ọkọ̀ òfúrufú, wọn kì í gba agolo gáàsì rárá, yálà nínú àpò ọwọ́ tàbí èyí tó lọ sísàlẹ̀. Agolo ìwọ̀n gram 450 kan lè sin ẹni mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, bí ẹ bá ń dáná lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ tí ẹ sì ń dé ìkòkò.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ṣeé sè níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ojú iná sítóòfù kéré, ó ń jó àárín ìkòkò nìkan: ìsàlẹ̀ á jóná, ẹ̀gbẹ́ á wà ní tútù, ìrẹsì òkè á rún bí iyanrìn lábẹ́ eyín. Ẹ fi abala aluminiọ̀mù tó nípọn tàbí àwo irin pẹlẹbẹ há sáàárín iná àti ìkòkò kí ooru lè tàn. Ata lílọ̀ tí ẹ ti dín nílé, tí ẹ sì jẹ́ kó dì nínú fíríìsà, ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń mú àpótí yìnyín tutù fún ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń dín àkókò tí gáàsì fi ń jó kù sí ìdajì. Ẹ jẹ́ kí ìrẹsì gba omi díẹ̀díẹ̀, ẹ dé e pẹ̀lú bébà fóìlì kí ẹ tó fi ìdérí lé e, kí ẹ sì pa iná nígbà tó bá ku díẹ̀ kó jinná, kí ẹ fi aṣọ ìnura wé ìkòkò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Agbọ́n fẹ́ràn ẹran lọ́sàn-án, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ jẹ ẹ́. Kí oúnjẹ má sùn síta, nítorí ìmàdò ilẹ̀ yẹn ń wọ ibùdó lóru, imú rẹ̀ sì ń fa àpò ike ya láìdá ẹnikẹ́ni lójú oorun.

Omi odò náà kì í ṣe omi tó ń ṣàn bó ṣe wù ú. Dáàmù Castillon àti Chaudanne wà lókè Castellane, ẹni tó ń ṣàkóso wọn sì ń tú omi sílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ ṣe iná mànàmáná tàbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ọkọ̀ rọ́bà lè rìn. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí omi sì ga sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òkúta tó gbẹ tí ẹ jókòó lé jẹun lè di erékùṣù kí ẹ tó di àpò yín. Pátákó ìkìlọ̀ wà káàkiri ìsàlẹ̀ ọ̀gbun, wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ má ré odò náà kọjá, bó ti wù kó dà bí ẹni pé orúnkún ló dé: ẹni tó bá kọjá lè má rí ọ̀nà padà. Ẹ má gba ibẹ̀ wẹ̀. Ìsàlẹ̀ dáàmù ni omi náà ti ń wá, òtútù rẹ̀ ń gba èémí lẹ́nu ẹni. Mímu ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ibùdó nìkan.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń bọ̀ wá rìn ni Blanc-Martel, láti Chalet de la Maline, ilé ìsinmi àwọn arìnrìn-àjò, dé Point Sublime, ibi tí wọ́n ti ń wo ọ̀gbun láti òkè. Bíi kìlómítà 15 ni, wákàtí mẹ́fà sí méje fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Kò sí ẹ̀rọ omi kankan lójú ọ̀nà, kò sí ọ̀nà àbùjá, fóònù kì í sì í gbé nísàlẹ̀ ọ̀gbun. Lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kéré jù. Lítà mẹ́rin ní ọjọ́ tó bá gbóná gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti La Maline, kì í ṣe láti Point Sublime, nítorí àtẹ̀gùn irin tó wà ní Brèche Imbert, tó ní ẹsẹ̀ 252, dára láti sọ̀ kalẹ̀ ju kí a gùn ún lọ. Nígbà míràn ó ń dúró ṣánṣán bí àkàbà. Ẹ kọjú sí i, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń gòkè kọjá ní ibi ìdúró. Ibọ̀wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ wúlò lọ́sàn-án, irin náà máa ń jóni lọ́wọ́.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé òpin, ọ̀nà á wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta, fún iṣẹ́ iná mànàmáná kan tí wọ́n pa tì. Èyí tó gùn jù, ti Baou, gùn tó mítà 670, ó sì ṣókùnkùn biribiri. Omi máa ń dúró nílẹ̀, òkúta ń yọ̀, ìmọ́lẹ̀ fóònù kò tó, pàápàá bí bátìrì bá ti fẹ́ kú láti inú yíya fọ́tò. Tọ́ọ̀ṣì orí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Inú ihò náà tutù, ara á sì balẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má mu omi yín tán níbẹ̀, nítorí lẹ́yìn Couloir Samson, ẹnu tóóró ọ̀gbun náà, ni ìgòkè sí Point Sublime ń bẹ̀rẹ̀, nínú oòrùn, ní ọ̀sán, nígbà tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dákú. Kí ó ku lítà kan lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá jáde nínú ihò Baou.

Ẹ pa mọ́tò yín sí Point Sublime ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ fi bọ́ọ̀sì kékeré tàbí takisí lọ sí La Maline. Bọ́ọ̀sì náà ń rìn lójoojúmọ́ ní oṣù keje àti ìkẹjọ, àyè rẹ̀ sì ń tètè kún. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Àwọn tó ṣe òdì kejì, tí wọ́n pa mọ́tò sí La Maline tí wọ́n sì ń retí bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrìn, ń fi orúnkún wọn sá eré fún wákàtí méjì tó kẹ́yìn, àtẹ̀gùn àti ihò náà kò sì fẹ́ eré.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ni àwọn àgbà ń wí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ Route des Crêtes. Ọ̀nà mọ́tò D23 yìí yí etí ọ̀gbun po fún bíi kìlómítà 24, ó bẹ̀rẹ̀ ó sì parí sí La Palud, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ alálọ-láìbọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ láti apá ìlà-oòrùn abúlé, ní ìhà Castellane. Bí ẹ bá gba apá kejì, ẹ óò dé La Maline, ẹ ó sì yí padà. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, igún ńlá tí wọ́n dá padà síbẹ̀ láti ọdún 1999 á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ti ń gbé wọn, wọ́n á sì kọjá nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ máa wo ẹ̀yìn wọn.

Ọkọ̀ ojú omi ní Pont du Galetas, níbi tí ọ̀gbun ti dé adágún, dára fún ẹni tí kò lè rìn. Ọkọ̀ àfẹsẹ̀wà, ọkọ̀ àfàjẹ̀wà àti ọkọ̀ bátìrì ni wọ́n ń yá èèyàn. Ẹ̀rọ epo kò bófin mu lórí adágún náà. Kí ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ìlà á gùn, ẹnu ọ̀gbun á sì kún fún ọkọ̀ bíi Ojúẹlẹ́gbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wo bí omi ṣe ga tó kí ẹ tó lọ: ní ìgbà ooru ọdún 2022, ọ̀dá mú adágún náà fà sẹ́yìn débi pé ọkọ̀ kò lè wọ ẹnu ọ̀gbun mọ́.

Ọ̀gbun náà pín sí ìkáwọ́ ìjọba méjì. Bèbè àríwá jẹ́ ti Alpes-de-Haute-Provence, bèbè gúúsù jẹ́ ti Var. Ní Var, wọ́n ń gbé máàpù jáde ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ooru láti sọ igbó tí èèyàn lè wọ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí àwọ̀ pupa bá bo agbègbè kan, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ojú ọjọ́ dára tó. Ẹ wò ó lálẹ́ kí ẹ tó dì ẹrù. Bí ẹ bá rí èéfín, 112 tàbí 18 ni kí ẹ pè.

Paramọ́lẹ̀ wà láàárín òkúta gbígbóná, àkéekèé kékeré sì ń wọ bàtà tí wọ́n fi sílẹ̀ síta. Ẹ gbọn bàtà yín ní òwúrọ̀. Eégbọn ń dúró lórí koríko gíga, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá àwọn ọmọ wò lálẹ́. Ohun tó ń ba àgọ́ jẹ́ jù ni ìjì àrá oṣù kẹjọ. Ó ń dé ní ọ̀sán, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ooru ti ń gorí ara wọn, ìkùukùu á dúdú lórí òkè, yìnyín sì lè bá a wá. Kí ẹ tó kúrò ní ibùdó lọ rìn, ẹ fa gbogbo okùn le, ẹ pa ilẹ̀kùn àgọ́ dé, ẹ tú aṣọ ìbòji tí ẹ ta síwájú àgọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Aṣọ ìbòji tí wọ́n fi sílẹ̀ ní títa ló ń fò kọlu àgọ́ aládùúgbò.

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba fíísà Schengen. Ìwé ìgbélé Britain kò rọ́pò rẹ̀. Kí ìwé tí ibùdó bá fún yín gbé orúkọ gbogbo èèyàn tó ń lọ àti ọjọ́ gbogbo òru, nítorí òun ni ẹ̀rí ibùgbé yín. Nice àti Marseille ni pápákọ̀ òfúrufú ńlá tó súnmọ́ jù. Láti Nice, ọ̀nà tí Napoléon gbà kọjá ní oṣù kẹta ọdún 1815 náà ló ń gbé mọ́tò gòkè lọ sí Castellane, ẹ fún un ní wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ kún táńkì ní Castellane.

Láti ọjọ́ 14 oṣù keje sí àárín oṣù kẹjọ, gbogbo ibi ń kún, iye owó sì ń ga. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ló dára jù: omi adágún ṣì gbóná, igi fìdí múlẹ̀ pẹ̀lú òjìji rẹ̀, àyè sì wà ní La Palud láìgbà ṣáájú. Ẹni tó ní òru mẹ́rin, kó lo mẹ́ta ní La Palud: ọjọ́ kìn-ín-ní fún Route des Crêtes, ọjọ́ kejì fún Blanc-Martel, ọjọ́ kẹta fún ìsinmi àti ọjà Moustiers bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Òru kẹrin, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún, kó sùn nítòsí Galetas, kó sì wà lórí omi ní aago mẹ́jọ àbọ̀ òwúrọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ láti etíkun tó dé.